Ẹni Tí Wọn Yóò Yàn àti Ẹni Tó Yẹ Kí Wọ́n Yàn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, tó sì ń jẹ́ orúkọ Yorùbá, ti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè nínú àṣàyàn NBA, ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ tó lókìkí jù lọ lágbàáyé. Lọ́dún 1984, Houston Rockets mú Hakeem Olajuwon. Lọ́dún 1998, Los Angeles Clippers mú Michael Olowokandi. Ti ìṣáájú gba ife-ẹ̀yẹ fún Houston ní 1994 àti 1995, ó sì di ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù àwọn alátakò dànù lójú apẹ̀rẹ̀ jù lọ nínú ìtàn ìdíje náà, ìgbà 3,830. Ti èkejì gbá bọ́ọ̀lù títí di 2007, ìpíndọ́gba àmì tó ń jẹ nínú ìdíje kan kò sì ju mẹ́jọ àti díẹ̀ lọ. Ẹnì kẹta wà, ọmọ Adétòkunbọ̀, tí wọ́n bí sí Athens. Àwọn Gíríìkì fi lẹ́tà tiwọn kọ orúkọ ìdílé náà; nígbà tí wọ́n dá a padà sí lẹ́tà tí àwa ń lò, ó ti di Antetokounmpo. Lọ́dún 2013, orúkọ mẹ́rìnlá ni wọ́n pè kí wọ́n tó pe tirẹ̀. Òun náà ló wá ju gbogbo àwọn mẹ́rìnlá yẹn lọ, kò tilẹ̀ sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀.

Àṣàyàn yìí, tí wọ́n ń pè ní draft, ni ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ ọgbọ̀n fi ń pín àwọn ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù láàrin ara wọn. Oṣù kẹfà ló sábà máa ń wáyé, ìpele méjì ni, orúkọ tí wọ́n ń pè sì tó bíi 60. Kí ọjọ́ náà tó dé, ó ti lé ní ọdún kan tí àwọn oníròyìn, àwọn oníṣirò, àwọn ilé tẹ́tẹ́ àti àwọn olólùfẹ́ eré ti ń to orúkọ lẹ́sẹẹsẹ: lágbájá ni ẹni kìíní, tàmẹ̀dù ni yóò bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ báyìí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn tó ń sọ tẹ́lẹ̀ wọ̀nyí náà kì í to orúkọ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n fi sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tún un tò. Lẹ́yìn àṣàyàn, àwọn ènìyàn á wá gbé ìwé wọn yẹ̀ wò, wọ́n á máa sọ pé èyí mọ̀ ọ́n, èyí kò mọ̀ ọ́n.

Lójú tèmi, ìbéèrè méjì ni wọ́n ń dà pọ̀. Ọ̀kan ni: ta ni wọn yóò yàn? Èkejì ni: ta ló yẹ kí wọ́n yàn? Ẹni tó ń dáhùn èkejì ń wo agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá fẹ́ dáhùn àkọ́kọ́ ní láti wo àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì: ohun tí ẹgbẹ́ wọn ṣaláìní, ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, ẹni tí wọ́n ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bóyá iṣẹ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ tó forí ṣánpọ́n, ìbéèrè kejì ni wọ́n fi gbogbo agbára wọn dáhùn, tí wọ́n sì gbé ìdáhùn náà kalẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo 1984 dáadáa, nítorí kò sí ọdún tí wọ́n fi ń bú ẹgbẹ́ kan tó o, mo sì rò pé òdì ni wọ́n ń kà á. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ tó gbẹ́yìn ní ìlà oòrùn àti èyí tó gbẹ́yìn ní ìwọ̀ oòrùn ló ń ju owó ẹyọ sókè kí wọ́n tó mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú, ẹgbẹ́ tó sì gba ipò ẹlòmíì nípa pàṣípààrọ̀ lè dúró síbẹ̀. Houston jẹ ẹ́ mọ́ Portland Trail Blazers lọ́wọ́. Ìlú Houston mọ Olajuwon dáadáa: ọmọ tó ti jẹ́ aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní Èkó, tó ti gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ títí ó fi di ọ̀dọ́langba, wà lára àwọn tó mú Yunifásítì Houston wọ àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ìdíje àwọn yunifásítì ní 1982, 1983 àti 1984. Rockets ti mú Ralph Sampson, òmìrán mìíràn, ní ọdún kan ṣáájú. Síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí Olajuwon kọjá. Kò sẹ́ni tó ní láti jẹ́ aríran kó tó mọ̀ ọ́n.

Ipò kejì ni ìjà wà. Portland ní Clyde Drexler, tí òun àti Olajuwon jọ wà ní yunifásítì kan náà, tí wọ́n ti mú ní 1983. Ibi tí Drexler ń gbá gan-an ni Michael Jordan ń gbá. Ohun tí Portland ń wá ni ẹni gíga tí yóò dúró sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, Sam Bowie ti Kentucky sì ni ẹni gíga tó kù. Bowie ni wọ́n mú. Chicago Bulls mú Jordan ní ipò kẹta. Ẹni tó bá ti bi ara rẹ̀ pé “kí ni Portland ṣaláìní?” ti mọ ìdáhùn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àsọtẹ́lẹ̀ tó wọlé ni. Yíyàn ló burú. A kò gbọdọ̀ ka ẹ̀bi èkejì sí àkọ́kọ́ lọ́rùn.

Ohun kan ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ Bowie tí kò yẹ ká fò. Egungun ojúgun rẹ̀ ti kán ní Kentucky, ó sì fi sáà méjì jókòó láìgbá bọ́ọ̀lù. Àwọn dókítà Portland yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Lọ́dún 2012, òun fúnra rẹ̀ sọ nínú fíìmù kan pé nígbà tí wọ́n ń kan ojúgun òun wò, òun sọ pé òun kò mọ nǹkan kan lára, bẹ́ẹ̀ ó ń dun òun. Ta ló lè bá a wí? Ọ̀dọ́kùnrin tó rí iṣẹ́ ayé rẹ̀ níwájú ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ la ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé asọtẹ́lẹ̀ kankan: ìwé dókítà. Lónìí náà, òun ló ń yí àṣàyàn padà jù lọ ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Kí sáà 2017 tó bẹ̀rẹ̀, Michael Porter Jr. wà lára àwọn tí wọ́n ń pè fún ipò kìíní àṣàyàn 2018. Ẹ̀yìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, ipò 14 ni Denver Nuggets ti mú un. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ó wà nínú ẹgbẹ́ Denver tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Nínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà ni Nikola Jokic wà, tí wọ́n yàn ní ipò 41 lọ́dún 2014. Ìpolówó oúnjẹ ni tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ń sùn ní Serbia. Manu Ginobili, ipò 57. Ben Wallace, wọn kò yàn án rárá. Irú orúkọ báyìí pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀rí fún. Kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n bá asọtẹ́lẹ̀ wí, nítorí àwọn ẹgbẹ́ pàápàá kò fẹ́ wọn.

Kí a tó mọ ẹni tí ẹgbẹ́ kan yóò mú, a ní láti mọ ìgbà tí yóò kàn án, gègé ló sì ń pinnu ìyẹn láti 1985. Bọ́ọ̀lù kékeré 14 ni wọ́n ń kọ nọ́ńbà sí lára. Mẹ́rin ni wọ́n ń fà jáde. Ọ̀nà tí mẹ́rin náà lè gbà jáde jẹ́ 1,001, wọ́n sì pín 1,000 nínú rẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ 14 tí kò wọ ìpele ife-ẹ̀yẹ. Láti 2019, ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù lọ ń gba 140 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2025, Utah Jazz ló burú jù, ìdíje 17 péré ni wọ́n jáwé olúborí nínú 82. Ipò karùn-ún ni gègé gbé wọn lọ. Dallas Mavericks, tí ìpín wọn jẹ́ 18 nínú 1,000, ló jẹ ipò kìíní. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ pé Cooper Flagg ni wọn yóò kọ́kọ́ pè, ẹgbẹ́ yòówù kó jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ipò kejì lọ, gbogbo ìwé tí wọ́n ti tò kí gègé tó jáde di òfo lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ká tiẹ̀ ní gègé ti jáde. Ìṣirò fúnra rẹ̀ kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Bí ènìyàn bá mọ iṣẹ́ náà débi pé ó lè gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ní ipò kọ̀ọ̀kan, ìrètí pé yóò gba márùn-ún àkọ́kọ́ láìṣìnà jẹ́ nǹkan bí 33 nínú 100. Fún mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó kù díẹ̀ kó di 11. Síbẹ̀ ìṣirò yìí tún ṣe ẹ̀yọ́nú jù, torí ó ka ipò kọ̀ọ̀kan sí ọ̀tọ̀. Àṣàyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kẹta bá mú ẹni tí a fi sí ipò kẹfà, ẹni tí a fi sí ipò kẹta ti di ẹrù ẹlòmíì, ẹgbẹ́ kẹrin tó ti múra sílẹ̀ fún nǹkan mìíràn rí ohun tí kò retí níwájú rẹ̀, àṣìṣe kan á bí méjì, méjì á bí mẹ́rin. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kíka iye ipò tó bọ́ sí i gẹ́lẹ́ ni ọ̀nà tó tọ́ láti dá asọtẹ́lẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹ wo bóyá ó mọ àwọn mẹ́wàá tí yóò wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ẹ wo bóyá ó so ọmọ mọ́ ẹgbẹ́ tó mú un, kódà bí ipò bá yí nítorí pàṣípààrọ̀. Lọ́dún 1996, Charlotte ni wọ́n kéde pé ó mú Kobe Bryant ní ipò 13, ṣùgbọ́n Lakers ló ti bá wọn ṣe àdéhùn rẹ̀, Vlade Divac ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹni tó bá kọ “Kobe, Lakers” sínú ìwé rẹ̀ lọ́dún yẹn mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ju ẹni tó kọ “Kobe, 13” lọ.

Níbo wá ni ìmọ̀ náà ti ń wá? Apá kan jẹ́ gbangba. Ní Chicago, ní oṣù karùn-ún, wọ́n ń wọn àwọn ọmọ náà láìwọ bàtà, wọ́n ń wọn apá wọn láti ìka dé ìka, wọ́n ń wo bí wọ́n ṣe lè fò tó. Ìwọ̀n wọ̀nyí wúlò, ṣùgbọ́n a máa ń fún wọn ní ipò tó ju tiwọn lọ. Lọ́dún 2007, Kevin Durant kò lè gbé irin oníwọ̀n 185 pọ́n-ùn sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn kan kígbe. Ipò kejì ló ti jáde láìyí padà, Seattle kò tilẹ̀ mira. Portland, tí ipò kìíní bọ́ sí lọ́wọ́ lọ́dún náà, tún mú ẹni gíga, Greg Oden, orúnkún rẹ̀ ò sì jẹ́ kó gbádùn iṣẹ́ rẹ̀. Ó dùn mí fún wọn.

Apá kejì jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ wo ni ọmọ náà lọ ṣe ìdánwò? Ta ni aṣojú rẹ̀ fagi lé ìpàdé pẹ̀lú rẹ̀? Lọ́dún 2025, Ace Bailey fagi lé ìbẹ̀wò rẹ̀ sí Philadelphia, tó ni ipò kẹta. Philadelphia mú VJ Edgecombe, Utah wá mú Bailey ní ipò karùn-ún. Àwọn aṣojú agbábọ́ọ̀lù ń sọ̀rọ̀ fún oníròyìn nítorí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn gòkè. Àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ ń sọ̀rọ̀ nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ tó wà níwájú wọn mú ẹlòmíì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju eéje lọ: ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn wọ̀nyí gbọ́dọ̀ máa bi ara rẹ̀ pé, ta ni ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣe láǹfààní? Orlando Magic kò sọ nǹkan kan lọ́dún 2022. Àwọn ilé tẹ́tẹ́ ti fi Jabari Smith Jr. sí iwájú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àfi ìgbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí owó ṣàdédé ṣí lọ sọ́dọ̀ Paolo Banchero. Banchero ni wọ́n pè. Ipò kẹta ni Smith bọ́ sí.

Ẹni tó mọ ọ̀nà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yìí jù láyé tiwa ni Adrian Wojnarowski, oníròyìn tó fẹ̀yìn tì ní 2024. Ó ti máa ń kọ orúkọ sórí Twitter kí wọ́n tó kéde rẹ̀ lórí pèpéle. Lọ́dún 2018, nígbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbà láti má ṣe tú àṣírí ṣáájú tẹlifíṣọ̀n, kò kọ ọ́ mọ́ pé ẹgbẹ́ kan yóò yan ẹnì kan. Ó ń kọ ọ́ pé ojú ẹgbẹ́ báyìí ti wà lára ọmọ báyìí, ó sì ń pa ọ̀rọ̀ ìṣe dà lóríṣiríṣi. Ohun tó kọ kò ní wíwo eré nínú. Ó mọ ẹni tó yẹ kó pè lórí fóònù, ìyẹn sì tó láti dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́.

Àwọn oníṣirò ńkọ́? Ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa ju bí àwọn àgbà akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe fẹ́ gbà lọ. Wọ́n ti kọ́ wa pé ọjọ́ orí ṣe pàtàkì: ọmọ ọdún 19 tó ń ṣe ohun tí ẹni ọdún 22 ń ṣe ní àyè láti dàgbà sí i. Wọ́n kọ́ wa pé bí ọmọ ṣe ń ju bọ́ọ̀lù òfẹ́ sínú apẹ̀rẹ̀ ń sọ púpọ̀ nípa bí yóò ṣe máa jù ú láti òkèèrè lọ́la. Wọ́n sì ń gbèjà ẹni tí ojú kò fẹ́ràn. Òǹkọ̀wé Michael Lewis kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé lọ́dún 2007, ìṣirò àwọn Houston fẹ́ràn Marc Gasol, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kan láìwọ ẹ̀wù dé ọ́fíìsì wọn, àwọn kan fún un lórúkọ ẹ̀gàn, ìfẹ́ náà sì tutù. Ipò 48 ni Gasol bọ́ sí, ó di ọ̀kan lára àwọn ẹni gíga tó dára jù ní ìran rẹ̀. Daryl Morey, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, wá fòfin de pípe agbábọ́ọ̀lù lórúkọ ẹ̀gàn nínú ọ́fíìsì wọn.

Lọ́dún 2012, Memphis Grizzlies gba John Hollinger síṣẹ́, ẹni tó ti ń ṣe ìṣirò fún àwọn òǹkàwé. Lónìí, kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní oníṣirò tirẹ̀. Èyí ló mú kí ìbéèrè méjèèjì sún mọ́ ara wọn díẹ̀: bí ẹni tó ń yàn bá ti ń lo ìṣirò, ẹni tó mọ ìṣirò á lè mọ ohun tí yóò yàn. Síbẹ̀ kò tíì di ọ̀kan, nítorí oníṣirò kì í dá pinnu. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá wà níbẹ̀, dókítà wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ju eré lọ fún àwọn ọmọ náà. Ipò tí wọ́n bá pe ọmọ sí ló ń pinnu owó oṣù rẹ̀ fún àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀. Ẹni ìpele kìíní ní àdéhùn tó dájú, ẹni ìpele kejì kò ní irú ìdájú bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 19 tó wà ní yunifásítì máa ń fi àsọtẹ́lẹ̀ pinnu bóyá kó jáde àbí kó padà sí kíláàsì. Lọ́dún 1998, lálẹ́ tí wọ́n pe Olowokandi ní ipò kìíní, ọmọ iléèwé girama kan láti Texas, Rashard Lewis, wà nínú yàrá tí wọ́n kó àwọn tí wọ́n retí pé wọn yóò tètè yàn sí. Ó retí pé Houston yóò mú òun. Houston yàn lẹ́ẹ̀mẹta ní ìpele kìíní, wọn kò pe orúkọ rẹ̀. Yàrá náà tú tán, ó ku òun nìkan, ó ń sunkún lójú kámẹ́rà. Ipò 32 ni Seattle ti mú un, ó sì di gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn náà. Pípè é sí yàrá yẹn, àsọtẹ́lẹ̀ ni. Ọmọ ọdún 18 ló san gbèsè rẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń to orúkọ rántí ìyẹn kí wọ́n tó kọ ipò kan pẹ̀lú ìdánilójú tí wọn kò ní.

Olowokandi náà ń gbé ẹrù tí òun kò dì fúnra rẹ̀. London ló ti dàgbà, ó ti fẹ́ẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún kó tó gbájú mọ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì pe Yunifásítì Pacific ní California lórí fóònù láti wá àyè. Láàrin ọdún díẹ̀, ó ti di ẹni kìíní. Ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ìtàn Olajuwon, ọmọ Èkó mìíràn tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀, ti bá a wọ yàrá àṣàyàn. Dirk Nowitzki ni ẹni kẹsàn-án lálẹ́ yẹn, Paul Pierce ni ẹni kẹwàá.

Alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 2013 ló kó gbogbo ọ̀rọ̀ yìí jọ. Gbọ̀ngàn Barclays Center ni, ní Brooklyn, Cleveland Cavaliers ló ni ipò kìíní. Orúkọ Nerlens Noel ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan orúnkún rẹ̀ já ní oṣù kejì ọdún yẹn; àwọn míì ń pe Alex Len, ọmọ Ukraine. Wọ́n pe Anthony Bennett, ọmọ Kánádà. Gbọ̀ngàn hó yèè fún ìyàlẹ́nu. Victor Oladipo, orúkọ Yorùbá mìíràn, ló tẹ̀ lé e lọ sí Orlando. Noel jábọ́ dé ipò kẹfà. Láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀, ìwé àsọtẹ́lẹ̀ tó pé pérépéré kò sí mọ́.

Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, àmì 4.2 ni Bennett ń jẹ nínú ìdíje kan. Cleveland fi í ṣe pàṣípààrọ̀ kí ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó sọ tẹ́lẹ̀? Wọ́n kùnà nípa ohun tí Cleveland yóò ṣe, wọ́n sì tọ̀nà nípa ọmọ náà: wọn kò fi í sí ipò kìíní nítorí wọn kò rí ẹni kìíní lára rẹ̀.

Ti ọmọ Adétòkunbọ̀ yí ìyẹn padà. Ìpele kejì ní Gíríìsì ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, fún ẹgbẹ́ Filathlitikos, níwájú àwọn alátakò tí kò sí ìṣirò tó lè fi wọ́n díwọ̀n ohunkóhun. John Hammond, ọ̀gá ẹgbẹ́ Milwaukee Bucks, rìnrìn àjò lọ wò ó fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń to orúkọ gbọ́, wọ́n fi í sí àárín ìpele kìíní, ibẹ̀ gan-an ló sì bọ́ sí: ipò 15, Milwaukee. Ìwé wọn wọlé. Lọ́dún 2019 àti 2020 ni wọ́n sọ ọ́ di agbábọ́ọ̀lù tó pegedé jù lọ nínú NBA. Ní oṣù keje 2021, ó fi 50 àmì nínú ìdíje kan gba ife-ẹ̀yẹ fún Milwaukee, èyí tí wọn kò rí mọ́ láti 1971. Ọmọ ọdún 18 ni nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Brooklyn. Ó ṣì ń ga sí i.